Igi Júnípérì Tí Mo Gbé Ti Orí Àpáta Bọ̀

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta, ọdún 1948, ìyá mi ká ẹní rẹ̀, ó gbé e rù, ó sì sọdá ọ̀nà lọ sí ilé Ọdẹ́níran àbúrò mi. Kò bá mi jà. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo lè dì mú. Ó ní òórùn igi tó wà níwájú ilé Ọdẹ́níran ń tu òun lára, pé òun fẹ́ máa sùn níbi tí òun yóò ti máa gbọ́ ọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì rí i pé ó gbàgbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sílé mi. Mo rò pé yóò padà wá mú un. Ọdẹ́níran ni ó wá mú un.

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wú u nísinsìnyí. Èmi Àjàní kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mo ti kọ́ ìwé ìwọ̀nba tí mo mọ̀, níbẹ̀ ni mo sì ti kọ́ pé kí n má sọ ju ohun tí mo rí lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí, kò sí ọ̀kan tí mo gbàgbé nínú rẹ̀.

Àbúrò mi ló lọ ṣọdẹ kọjá ibi tí baba wa dé láyé rẹ̀, ó sì gbé igi kan bọ̀ níbẹ̀. Tísà ìjọ wa ní júnípérì ni wọ́n ń pè é. Ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, ó sì ń gún ni. Bí a bá fi ọwọ́ ra á, òórùn rẹ̀ kì í tètè kúrò lọ́wọ́. Ọdẹ́níran ń fi ẹ̀ka rẹ̀ tó bá gbẹ sínú iná tó fi ń yan ẹran, àwọn tó ń ti oko bọ̀ a sì gbọ́ òórùn ẹran náà kí wọ́n tó rí ilé. Ìyàwó rẹ̀ kó èèrún igi náà sínú àpótí aṣọ, kòkòrò kò sì jẹ aṣọ rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ ọjà, àwọn ènìyàn a yà síbẹ̀ kí wọ́n tó lọ ra iyọ̀. Wọn a kí mi láti òdìkejì ọ̀nà, wọn a sì kọ ẹ̀yìn sí mi.

Mo jowú. Kí ni kí n tún pè é?

Ohun kan ṣoṣo ni igi àbúrò mi kò ní: kò so. Ìyá wa sì ń fẹ́ èso rẹ̀. Nígbà tí ìyá wa ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, baba wa mú èso dúdú díẹ̀ tó ní òórùn igi yìí bọ̀ láti ìrìn-àjò kan, ó kéré bí èso ìyeyè tí kò tíì dàgbà, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n bu eérú sí i lára. Ìyá wa fọ́ ọ sínú ọbẹ̀ ẹran ẹtu. Láti ìgbà náà, kò sí ẹtu tí a pa tí kì í sọ lórí rẹ̀ pé ó ku ohun kan. Àìmọye ẹtu ni mo ti gbé síwájú obìnrin yìí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Èmi ni mo pa ẹtu tó ń sá nínú òjò. Èmi ni mo pa èyí tí Ọdẹ́níran ta ìbọn sí tí kò bà á. Ìyá wa a tọ́ ọbẹ̀ náà wò, a mi orí, a ní, "Ó dára. Ó ku ohun kan."

Nítorí náà mo sọ ọ́ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn pé èmi yóò mú júnípérì tó ń so èso wá. Ọdẹ́níran ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀nà náà kò dára. Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ." Mo ní kó dúró ti igi rẹ̀.

Igbó tí mo kọ́kọ́ wọ̀ jẹ́ ti ẹbọra kan tí kò ní ojú níwájú. Ojú wà ní ìhà rẹ̀ ọ̀tún, ó wà ní ìhà òsì, ó wà ní ìpàkọ́, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́. Olójú-Ìhà ni orúkọ rẹ̀. Ó ń rí ti gbogbo ayé, kò rí ti ara rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mo ní. Mo ka ìbọn mi, mo ka oko mi, mo ka ajá mi tó ń jẹ́ Má-sùn-ún. Ó yán. Ó wá bi mí pé kí ni àbúrò mi ní. Ẹnu mi kò tíì kúrò lórí orúkọ Ọdẹ́níran tí òkúta kékeré kan fi yọ ní ọwọ́ ẹbọra náà. Bí mo ti dárúkọ igi, òkúta dàgbà. Bí mo ti dárúkọ ìyá wa tó ń sùn lábẹ́ igi, ó tó orí màlúù.

Ó gbé e kọ́ mi lẹ́yìn, ó sì lẹ̀ mọ́ mi bí ọmọ tí a pọ̀n. Ó ní, "Máa lọ. Ìgbàkígbà tí o bá rántí ohun tó jẹ́ ti àbúrò rẹ, yóò wúwo sí i."

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ni nínú yín tó lè pinnu pé òun kò ní rántí nǹkan kan, tí kò ní í rántí rẹ̀? Mo wo igi, mo rántí igi Ọdẹ́níran. Mo wo òkè, mo rántí pé ilé rẹ̀ ga ju tèmi lọ. Mo wo ẹsẹ̀ mi, mo rántí bàtà rẹ̀. Awọ èjìká mi òsì bó. Ẹ wò ó níbí, kò tún padà rí bí ó ti rí. Orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ rìn pẹ̀lú ẹsẹ̀, èmi tí àwọn ọdẹ ìlú yìí máa ń sá fún lọ́nà. Nígbà tó yá, ẹ̀gún kan wọ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ó gba ibẹ̀ yọ sí òkè ẹsẹ̀. Ìrora náà pọ̀ débi pé mo gbàgbé pé mo ní àbúrò. Lẹ́sẹ̀ kan náà òkúta já bọ́ lẹ́yìn mi. Mo ti rí ẹ̀gún púpọ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n òun nìkan ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fà á yọ, mo sì tiro jáde nínú igbó náà.

Ìlú tí mo dé lẹ́yìn èyí kò ní oòrùn. Kì í ṣe pé oòrùn kì í là níbẹ̀. Ògiri ni kò jẹ́ kó wọlé. Olúkúlùkù ló ń mọ ògiri kó bàa lè ga ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ, aládùúgbò náà a sì fi kún tirẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ilẹ̀ tutù, ara àwọn ènìyàn funfun bí ìdin. Baálẹ̀ wọn jókòó sí ìsàlẹ̀ ògiri rẹ̀, ìkòkò amọ̀ kan wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, igi júnípérì kan sì wà nínú ìkòkò náà, ó gbẹ, ó pọ́n bí irin tó ti dípẹtà. Ó ní àwọn gbìn ín pẹ̀lú ìfẹ́, àwọn ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, òun kò mọ ohun tó pa á.

Wọ́n yí mi ká. Wọ́n ní àlejò ni yóò dájọ́ ẹni tí ògiri rẹ̀ ga jù, àti pé àwọn tí kò bá jàre yóò mọ àlejò náà mọ́ inú ògiri wọn. Wọ́n fi egungun àwọn adájọ́ àtijọ́ hàn mí láàárín bíríkì. Mo fọwọ́ lẹ́rán. Mo ní, "Ẹ̀yin baba mi, ojú mi kò ríran nínú òkùnkùn yìí. Ẹ wó ògiri kan lulẹ̀ kí oòrùn wọlé, n óò sì dájọ́ kíá."

Ẹni tí yóò kọ́kọ́ wó tirẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà lé lórí. Wọ́n di ara wọn lọ́rùn mú. Mo kí baálẹ̀ pé ó dàárọ̀, mo sì gba àárín wọn kọjá. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan wí fún mi pé Ọdẹ́níran ìbá ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọlúwàbí ni Ọdẹ́níran. Ìbá dájọ́ ní òtítọ́, egungun rẹ̀ ìbá sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Lẹ́yìn ìlú náà ni mo rí òkè àpáta. Bí mo ti ń gùn ún, òórùn tó mú ìyá mi kúrò nílé mi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ wá pàdé mi. Orí àpáta náà jẹ́ ọgbà, júnípérì nìkan ló sì wà níbẹ̀. Àwọn kan kò dìde rárá. Wọ́n nà gbalaja sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè bí ẹní, gbòǹgbò wọn sì di ilẹ̀ mú tí òjò kò fi lè wọ́ ọ lọ. Àwọn kan dúró ṣánṣán bí òpó ilé ọba. Àwọn mìíràn ṣùpọ̀ bí àgùtàn tí òjò pa. Òmíràn tutù yọ̀yọ̀, òmíràn ní àwọ̀ èéfín. Oòrùn ń ta sí gbogbo wọn, kò sí ọ̀kan tó ṣíji bo èkejì.

Obìnrin àgbàlagbà kan ń rìn láàárín wọn, ó mú ọ̀bẹ kékeré dání. Yèyé Àpáta ni. Ara rẹ̀ le bí ilẹ̀ tó ń tẹ̀, ẹyẹ sì kọ́ ilé sí èjìká rẹ̀. Ó ní òun kì í fún ẹni tí kò lè lajú wò ní igi. Ó pa àlọ́ kan fún mi.

"Ìyá kan pọn ọmọ èṣí, ó pọn ọmọ ọdún yìí, kò sì sọ ọ̀kankan kalẹ̀ nínú wọn. Èyí àgbà wọ aṣọ aró. Èyí àbúrò wọ aṣọ tó ní àwọ̀ ewé. Ta ni ìyá náà?"

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó wà nínú rẹ̀ fẹ́ gbé ọkàn mi lọ sílé. Ṣùgbọ́n ojú ọdẹ ni ojú mi. Lẹ́yìn èjìká rẹ̀, mo rí igi kan tí èso dúdú àti èso tútù jọ wà lórí ẹ̀ka kan náà. Mo nawọ́ sí i. Yèyé Àpáta rẹ́rìn-ín, ẹyẹ èjìká rẹ̀ sì fò.

Ó wú ọmọ igi kan fún mi pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, ó gbé e sínú ìkòkò. Ó ní kí n gbìn ín sójú oòrùn. Ó ní kí n da òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ilẹ̀ rẹ̀ kí omi má bàa dúró nídìí rẹ̀, nítorí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń wà nínú omi, yóò kú. Ó ní abo ni, àti pé bí akọ kò bá sí níbi tí afẹ́fẹ́ ti lè gbé eruku rẹ̀ wá bá a, kò ní so láéláé. Mo bi í bí mo ṣe lè mọ akọ. Ó ní akọ ni èyí tó ń rùn dáadáa tí kò so. Inú mi kò dùn sí èsì náà.

Ó wá di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Èyí tó ṣe pàtàkì jù nìyí. Bí o bá fẹ́ rẹ́ ẹ, ibi tí ewé tútù wà ni kí o ti rẹ́ ẹ. Má gé e dé ara igi tí kò ní ewé. Kì í ṣe pèrègún. Lábẹ́ ibẹ̀ kò ní ojú tí yóò fi rú. Sọ fún gbogbo ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án."

Mo ní, "Mo gbọ́, Yèyé."

Ó ní, "O gbọ́. Ṣé ìwọ yóò sọ?"

Mo ní n óò sọ.

N kò ní fi ìpadàbọ̀ dá yín dúró. Ẹ ṣáà mọ̀ pé odò kan wà tí omi rẹ̀ dé àgbọ̀n mi, tí mo gbé ìkòkò náà sókè orí. Ìjàlọ ti wọ ọwọ́ mi láti etídò. Wọ́n ń jẹ mí láti ọrùn ọwọ́ dé abíyá, n kò sì lè sọ ọwọ́ kan kalẹ̀ láti gbọ̀n wọ́n. Títí di òní, bí mo bá rí ìjàlọ, ọwọ́ mi a gbé ara rẹ̀ sókè.

Mo gbin igi náà síwájú ilé mi, sí ojú oòrùn, láàárín òkúta wẹ́wẹ́. Ó wá di pé ọ̀dọ̀ mi ni àwọn èrò ọjà ń yà. Ọdẹ́níran pàápàá wá. Ó rìn yí igi náà ká, ó fi ìka kan ewé rẹ̀, inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, báwo ni ẹ ṣe ń tọ́jú rẹ̀? Tèmi kò ní àwọ̀ tó báyìí." Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọdẹ ti rí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ìyá wa náà béèrè. Mo ní ọwọ́ mi ni igi náà mọ̀. Èmi ni mo rin ìrìn náà. Kí ni ìdí tí n óò fi gbé òfin rẹ̀ sọdá ọ̀nà?

Nígbà tó dàgbà, ó so. Èso tútù wẹ́wẹ́ bò ó. Ìyá wa ká ẹní rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì padà wá sílé mi. Mo lọ mú àpótí ìjókòó rẹ̀ fúnra mi. Mo rọra rìn kí gbogbo àdúgbò lè rí mi.

Ṣàngódélé alágbẹ̀dẹ ló ba ọjọ́ náà jẹ́. Ó dúró ní àárín ọ̀nà, ó wo igi mi, ó wo ti Ọdẹ́níran. Ó ní, "Àjàní, kú oríire. Igi rẹ ti lóyún. Gbogbo wa la sì mọ ilé tí bàbá ọmọ ń gbé."

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà náà pẹ̀lú. Ta ló sọ fún un, n kò mọ̀. Bóyá àwàdà lásán ni. Ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wo èso náà, ojú Ọdẹ́níran ni mo ń rí lára rẹ̀. Mo ta ẹní sórí ọgbà mi níhà ọ̀nà kí afẹ́fẹ́ tirẹ̀ má bàa dé ọ̀dọ̀ igi mi mọ́. Afẹ́fẹ́ gba orí ẹní kọjá. Mo ta òmíràn lé e. Ìyàwó Ọdẹ́níran wá tọrọ ẹ̀ka díẹ̀ tí yóò fi yan ẹran, mo ní kó lọ gé tọkọ rẹ̀. Ìyá wa jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń wo àwọn ẹní náà.

Ó yẹ kí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí mọ àṣà kan. Nílùú wa, bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ìyá ilé a gé pèrègún ààlà balẹ̀, a sì gún àwọn ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ti kọ́lé. Kùkùté a rú, ọ̀pá a di igi, àwọn ọmọ a sì máa wo ara wọn bí ọmọ igi kan. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá wa ṣe nígbà tí èmi àti Ọdẹ́níran kọ́lé. Pèrègún méjèèjì ṣì wà níbẹ̀.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, èso náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú ní ìsàlẹ̀. Ó kù díẹ̀. Mo gbé ìbọn, mo lọ wá ẹtu tí a óò fi sè é. Òjò àkọ́rọ̀ bá mi nínú igbó, mo sì pa ẹtu kan tó sanra tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Mo gbé e kọ́ èjìká mi ọ̀tún, nítorí ti òsì ṣì ń dùn mí. Mo ń rín ẹ̀rín bọ̀ lọ́nà.

Ìyá wa dúró níwájú ilé mi, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀, amọ̀ sì dé orúnkún rẹ̀. Igi mi kò ga ju kùkùté lọ mọ́. Kò sí ewé kan lára rẹ̀. Ó ti ká àwọn ẹní kúrò lórí ọgbà. Ọ̀pá júnípérì tò lọ níwájú ilé mi, wọ́n sì tò lọ níwájú ilé Ọdẹ́níran, gbogbo wọn dúró dáadáa nínú ilẹ̀ rírọ̀. N kò rí i tí inú rẹ̀ dùn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí baba wa ti kú.

Ó ní, "Àjàní, wá wò ó. Mo ti pín in fún yín. Ó ti tó gẹ́ẹ́ tí ẹ fi ń fi ẹní dí ara yín lójú. Bí òjò bá tún rọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò rú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Mo bi í pé èso ńkọ́. Ó mú mi wọlé. Ó ti ká gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò, ó fi ewé bò ó, ó ní yóò pọ́n níbẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ẹtu ṣì wà lẹ́jìká mi. Ó wo ojú mi pẹ́. Obìnrin tó bí ènìyàn a máa mọ ojú rẹ̀. Ó gbé àdá náà sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé wọn kì í gé e ni?"

Mo ní, "Ẹ kúuṣẹ́, Ìyá."

Òjò rọ̀, ó tún rọ̀. Ìyá wa a máa lọ wo kùkùté náà láràárọ̀, a fi ìka wá ojú tó fẹ́ yọ lára rẹ̀. Pèrègún ààlà rú, ó ga. Àwọn ọ̀pá júnípérì pọ́n, wọ́n sì gbẹ ní ìhà tèmi àti ní ìhà ti Ọdẹ́níran. Èso inú ìkòkò hunjọ, kò dúdú. Ó sè é mọ́ ẹtu náà bẹ́ẹ̀. Ó tọ́ ọ wò, ó ní ó korò, ó sì dà á nù.

Nígbà tí òjò dá, ó ká ẹní rẹ̀. Mo gbé àpótí rẹ̀ tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, Ọdẹ́níran sì gbà á lọ́wọ́ mi. Igi tirẹ̀ ṣì ń rùn. Títí di òní, bí afẹ́fẹ́ bá ti ìhà ibẹ̀ wá, mo máa ń ti fèrèsé.

Kùkùté náà kò rú. Èmi àti Ọdẹ́níran kò ní abo igi náà mọ́. Ilé rẹ̀ ni ìyá wa kú sí, kò sì rí èso náà jẹ mọ́.